Bí Ẹ Ṣe Lè Pín Ohun Tó Díjú sí Ìpele, Ì Báà Jẹ́ Iṣẹ́, Ẹ̀kọ́ tàbí Ẹ̀rọ

Ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi mí lemọ́lemọ́ nìyí: "Iṣẹ́ wa ti gbòòrò, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń dé orí ẹnì kan, a ò sì mọ ẹni tó yẹ kó dá sí kí ni mọ́. Ìpele mélòó ni ká ní? Ta ló yẹ kó wà lókè?" Àwọn olùkọ́ náà ń béèrè irú rẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí kò yé ọmọ. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń béèrè rẹ̀ nípa ètò tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan ibì kan, ibòmíràn á dẹnu kọlẹ̀.

Èsì kan náà ni mò ń fún gbogbo wọn: ẹ wá ibi tí okùn tó so àwọn apá rẹ̀ pọ̀ ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Ibi tí okùn bá ti nípọn, ẹ jẹ́ kó wà lójú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi orúkọ oyè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ "olórí", "igbákejì", "alábòójútó" sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá iṣẹ́ fún àwọn oyè náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó díjú lóòótọ́

Ohun tó pọ̀ lè má díjú. Bí ẹ bá ní lẹ́tà 1,000 láti fi ránṣẹ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kò dúró de èkejì. Ènìyàn mélòó kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó. Ohun tó díjú ni èyí tó jẹ́ pé bí apá kan bá yí, apá mìíràn gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ìwọ̀nyí yẹ tiyín wò:

- Ṣé ìbéèrè kan náà ń lọ sọ́dọ̀ ènìyàn méjì, tí èsì wọn sì ń tako ara wọn?
- Ṣé ẹ ti tún ibì kan ṣe rí, tí ibi tí ẹ ò ronú kàn wá bàjẹ́?
- Ṣé ẹni tuntun gbọ́dọ̀ lọ bá ju ènìyàn mẹ́ta lọ kó tó lè parí iṣẹ́ ọjọ́ kan?
- Tí ẹnì kan kò bá wá, ṣé gbogbo iṣẹ́ ló ń dúró?

Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjì nínú wọn, ẹ máa bá mi bọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dá ìpele kankan sílẹ̀. Ìpele tí a kò nílò máa ń jẹ àkókò, ó sì máa ń ṣòro láti mú kúrò.

Ohun tó ń mú kí ẹgbẹ́ tó dàgbà díjú lójijì hàn nínú ìṣirò kan. Ẹ mú iye ènìyàn, ẹ fi iye náà tó fi ẹyọ kan dín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: iye ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà láàárín wọn nìyẹn. Ènìyàn 5 ní ọ̀nà 10. Ènìyàn 12 ní 66. Ènìyàn 50 ní 1,225. Ènìyàn di ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀nà ọ̀rọ̀ sì ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń lọ geere nígbà tí ẹ kò ju márùn-ún lọ fi wá ń wọ́ ní báyìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya ọ̀lẹ.

## Ìgbésẹ̀ méje

### 1. Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má tíì kọ orúkọ ènìyàn

Ẹ kọ ohun tí à ń ṣe, ní ọ̀rọ̀ ìṣe: "gba ìbéèrè", "yẹ ìṣirò wò", "tún ojú ìwé tò". Tí orúkọ ènìyàn bá ti wọ inú ìwé yẹn, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ipò rẹ̀, ẹ ò sì ní rí òótọ́ mọ́. Bí ohun tí ẹ kọ bá ti ju 40 lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa kọ ohun tó kéré jù. Ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀.

### 2. Ẹ fa okùn láàárín wọn

Ìgbésẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fò jù lọ nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ fa tábìlì kan. Ẹ kọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn sí apá òsì, kí ẹ tún kọ wọ́n sókè. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkígbà tí iṣẹ́ kan bá nílò òmíràn, ẹ fàlà sínú àpótí tí wọ́n ti pàdé.

Okùn náà kì í ṣe oríṣi kan:

- Èyí tó fẹ́lẹ́ jù: mo kàn ń dúró de èsì iṣẹ́ rẹ. Tó bá ti dé, ó parí.
- Èyí tó nípọn díẹ̀: irinṣẹ́ kan náà tàbí ènìyàn kan náà ni èmi àti ìwọ ń lò.
- Èyí tó nípọn jù: a gbọ́dọ̀ jọ pinnu, àyípadà lọ́dọ̀ mi jẹ́ àyípadà lọ́dọ̀ rẹ.

Ìkìlọ̀: ẹ má bi àwọn ọ̀gá nìkan. Ọ̀gá á sọ bó ṣe yẹ kó rí fún yín. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló mọ ẹni tó ń pè ní tòótọ́ nígbà tí nǹkan bá dí i lọ́wọ́.

### 3. Ẹ gé e níbi tí okùn ti fẹ́lẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ìwé ìròyìn jáde. Ènìyàn 12 ni wọ́n: òǹkọ̀wé mẹ́rin, ayafọ́tò mẹ́rin, àti mẹ́rin tó ń to ojú ìwé. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí a kó àwọn òǹkọ̀wé sábẹ́ olórí kan, kí a kó àwọn ayafọ́tò sábẹ́ òmíràn, kí àwọn tó ń to ojú ìwé náà ní tiwọn. Ó dùn ún wò lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo tábìlì wọn. Òǹkọ̀wé eré ìdárayá àti òǹkọ̀wé ìlera lè má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní odidi ọ̀sẹ̀ kan. Òǹkọ̀wé eré ìdárayá àti ayafọ́tò rẹ̀ ń pe ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹni tó ń to ojú ìwé náà kò lè ṣe ohunkóhun títí àwọn méjèèjì á fi fẹnu kò lórí fọ́tò tó máa wà lókè. Ibẹ̀ ni okùn ti nípọn. Bí ẹ bá wá fi iṣẹ́ ọwọ́ pín wọn, ẹ ti gé okùn tó nípọn jù lọ nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ kékeré á sì di ohun tí olórí méjì máa jókòó lé lórí.

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, ní ìbámu pẹ̀lú apá ìwé ìròyìn tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 3, ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 12. Ẹ fi 6 tó wà láàárín àwọn olórí mẹ́rin kún un. Ó di 18 dípò 66. Ó ṣì yẹ kí àwọn ayafọ́tò máa pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kọ́ ara wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹ̀kọ́ nìyẹn á jẹ́, kì í ṣe ibi tí àṣẹ ti ń wá.

Herbert Simon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1978, ti fi àlọ́ kan ṣàlàyé èrè tó wà nínú èyí ní 1962. Ọkùnrin méjì, Tempus àti Hora, ń to aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ẹ̀yà 1,000. Tempus ń tò ó léra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù, tó bá sì gbé aago sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú ká. Hora ń to mẹ́wàá-mẹ́wàá di ìdì kékeré kan, ìdì mẹ́wàá á di ìdì ńlá, ìdì ńlá mẹ́wàá á di aago. Tí wọ́n bá dí i lọ́wọ́, ìdì kan ṣoṣo ló máa tú. Simon ṣírò pé bí ó bá ṣeé ṣe kí a dí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yà kan kún un, Tempus máa lo nǹkan bí ìlọ́po 4,000 àkókò tí Hora ń lò kó tó parí aago kan. Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Ẹ bi ara yín nípa ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: "Bí a bá dá iṣẹ́ yìí dúró níbi tó dé yìí, ṣé ohun tó ti parí á wà bó ṣe wà?"

### 4. Ẹ ka iye tó wà lábẹ́ ẹnì kan

Àwọn panápaná ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìnira. Lẹ́yìn iná ńlá tó jó ní California ní 1970, wọ́n rí i pé àwọn iléeṣẹ́ tó wá ṣèrànwọ́ kò lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa. Ètò ìdarí tó ti inú rẹ̀ jáde sọ pé kí ẹni mẹ́ta sí méje máa wà lábẹ́ olórí kan, pé márùn-ún ló sì dára jù. Iṣẹ́ tó ń yí padà ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ṣe é fún. Bí iṣẹ́ tiyín bá jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn ń ṣe bákan náà lójoojúmọ́, olórí kan lè mójú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ kan kò bá jọ ìkejì, ẹ dúró sí márùn-ún.

Ẹ ṣọ́ra fún olórí tó ní ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí irú ìpele bẹ́ẹ̀ ti wúlò ju kí a fi tu ẹnì kan nínú lọ.

### 5. Ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ gòkè, kí ìyókù wà níbi tó wà

Ẹ pín ìpinnu inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta:

- Ẹ ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní láti gbọ́.
- Ẹ ṣe é, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún olórí.
- Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é.

Àkọ́kọ́ ló yẹ kó gùn jù. Bí ẹ̀kẹta bá gùn ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ kò tíì pín nǹkan kan, ẹ kàn fi àtẹ̀gùn kún ọ̀nà tó ti gùn tẹ́lẹ̀ ni. W. Ross Ashby, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì nípa bí a ṣe ń darí nǹkan, ti fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1956: ẹni tó bá fẹ́ darí nǹkan gbọ́dọ̀ ní oríṣi èsì tó pọ̀ tó oríṣi ìṣòro tí nǹkan náà lè gbé wá. Orí kan lókè kò lè ní i. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́, tí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n sì láṣẹ, lè ní i.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí kò ju ojú ewé kan lọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, nítorí pé ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kálukú á rántí ohun tó yàtọ̀.

### 6. Ẹ ṣe afárá, kí ẹ sì ṣí ọ̀nà fún ìkìlọ̀

Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka kan bá fẹ́ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka kejì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á gun òkè dé orí, á tún sọ̀ kalẹ̀, èsì á sì padà gba ọ̀nà kan náà. Henri Fayol, ẹnjiníà ilé ìwakùsà ní Faransé, kọ̀wé ní 1916 pé kí a fi afárá sí àárín àwọn méjèèjì: kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, bí àwọn olórí wọn bá ti gbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé. Ẹ padà sí tábìlì ìgbésẹ̀ 2. Gbogbo okùn tí ẹ gé tó ṣì ní àmì díẹ̀ nínú yẹ kó ní afárá, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì tó wà ní ìkángun rẹ̀.

Ọ̀nà ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí afárá, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ nínú gbogbo ìwé yìí. Ìpele máa ń sẹ́ ìròyìn bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ omi. Ìròyìn burúkú a máa rọ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìpele tó bá gbà kọjá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe gbóná. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1986, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú Challenger sọ pé kí wọ́n má ṣe gbé e gbéra, pé òtútù lè mú kí rọ́bà tó dí ojú oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì le. Àwọn ọ̀gá wọn yí ìmọ̀ràn náà padà. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé àwọn tó ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ìgbéra kò gbọ́ pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà fọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 73, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Nítorí náà:

- Ẹ yan irú ọ̀rọ̀ kan tó lè fo gbogbo ìpele: ewu, jìbìtì, ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́ tó bá bàjẹ́.
- Ẹ sọ ẹni tó máa gbà á lókè, kí ẹni náà má jẹ́ ọ̀gá tààrà ẹni tó ń kìlọ̀.
- Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fèsì, kódà bí ìkìlọ̀ náà bá jẹ́ òfo.
- Ẹni tó kìlọ̀ tí ohun tó sọ kò ṣẹlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀.

Ní àwọn iléeṣẹ́ Toyota, okùn gidi tàbí bọ́tìnnì kan wà tí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí lè fà tàbí kó tẹ̀ bó bá rí àléébù. Olórí ẹgbẹ́ á sáré wá, bí wọn ò bá sì rí i yanjú kí ọkọ̀ tó dé ibì kan lórí ìlà, ìlà á dúró. Ẹni tó kéré jù lọ nípò lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró níbẹ̀, wọn kì í sì í kà á sí ọ̀yájú.

### 7. Ẹ fi ẹ̀ka kan bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe yí gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan. Ẹ mú ẹ̀ka tí okùn rẹ̀ pẹ̀lú ìyókù fẹ́lẹ́ jù, kí ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan tàbí méjì. Tó bá dúró, ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e. Ètò ńlá tó ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tó ti inú ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ dàgbà.

## Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ pín

Ìgbésẹ̀ náà kò yí, ohun tí okùn jẹ́ ló yí. Níbi ẹ̀kọ́, okùn ni "kí n tó lè ṣe èyí, mo gbọ́dọ̀ ti lè ṣe ìyẹn". Robert Gagné, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ló sọ ìbéèrè yìí di irinṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, ẹ béèrè ohun tó gbọ́dọ̀ ti lè ṣe ṣáájú, kí ẹ tún bi ìdáhùn yẹn ní ìbéèrè kan náà, títí ẹ fi máa kan ohun tó ti mọ̀.

Ẹ wò ó pẹ̀lú 1/3 + 1/4. Kí ọmọ tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ mọ:

1. Pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ iye ọgbọọgba tí a pín odidi kan sí.
2. Bí a ṣe ń wá nọ́ńbà tí 3 àti 4 jọ lè pín, ìyẹn 12.
3. Bí 1/3 ṣe di 4/12, tí 1/4 sì di 3/12.
4. Pé bí ìsàlẹ̀ bá ti dọ́gba, òkè nìkan là ń rò pọ̀, ó sì di 7/12.

Àṣìṣe ọmọ máa ń sọ ìpele tó fọ́. Bí ó bá kọ 2/7, ìpele 1 ni kí ẹ padà sí: kò tíì rí ìdá gẹ́gẹ́ bí iye kan, torí 2/7 kò tilẹ̀ tó 1/3 tó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ 2/12, ó rí 12, ṣùgbọ́n kò yí òkè padà: ìpele 3 nìyẹn. Bí ó bá kọ 7/24, ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa tán kó tó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn: ìpele 4. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó gba òdo lórí ìbéèrè kan náà nílò ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta tó yàtọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí a fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ ilé kan náà.

Ẹ má ṣe fi ìpele púpọ̀ síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, sọ ní 1956 pé nǹkan bí 7 ni ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan, ó lè fi méjì lé tàbí kó fi méjì dín. Nelson Cowan, onímọ̀ bíi tirẹ̀, lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò ní 2001, ní nǹkan bí 4 ni. Ẹ fi 4 ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gba ènìyàn là ni pé "nǹkan kan" lè jẹ́ ìdì tó tóbi. Ní 1973, William Chase àti Simon yìí kan náà fi ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì han àwọn ọ̀jẹ̀ àti ọ̀gbẹ̀rì fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Nígbà tó jẹ́ eré gidi ni wọ́n tò, ọ̀jẹ̀ rántí ju ọ̀gbẹ̀rì lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n kàn da ọmọ ayò sílẹ̀ bákan ṣáá, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìdì tí ọ̀jẹ̀ ti kó jọ ló ń lò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára débi tí kò fi ní rò ó mọ́, kí ẹ tó gbé òmíràn lé e.

Àṣìṣe kan wà níhìn-ín: kí a dá ọmọ dúró sí ìpele ìsàlẹ̀ láìjẹ́ kó rí ibi tó ń lọ. Ẹ fi odidi iṣẹ́ hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kódà bí kò bá tíì lè ṣe é.

## Bó bá jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ

Mo máa kúrú níbí, torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti sún mọ́ ọn.

- Ìpele kan gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an sọ̀rọ̀, kó má ṣe fò ó.
- Ẹ kọ ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣèlérí. Bó ṣe ń mú ìlérí náà ṣẹ jẹ́ tirẹ̀ nìkan.
- Bí ẹ bá lè yí inú ìpele kan padà láìfọwọ́ kan òmíràn, ẹ gé e síbi tó yẹ.

Àpẹẹrẹ tó dára wà lára orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo orúkọ kọ̀ǹpútà sí. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní California, SRI, ló ń tọ́jú rẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì lọ dà á kọ. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀, fáìlì náà di ẹrù. Ní 1983, Paul Mockapetris, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe ètò DNS, èyí tó ń fi orúkọ wá ibi tí kọ̀ǹpútà wà: òkè mọ ẹni tó ni ".org" àti irú rẹ̀ nìkan, ẹni tó ni ".org" mọ ẹni tó ni orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan sì ń to orúkọ inú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òkè kò nílò láti mọ ohun gbogbo, ó kàn nílò láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó pín ètò náà, ẹ wo bí àwọn tó ń kọ ọ́ ṣe pín. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1968 pé ètò tí àjọ kan bá ṣe máa ń gbé àwòrán bí àjọ náà ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹgbẹ́ méjì bá wà tí kì í sọ̀rọ̀, ètò yín á ní apá méjì tí kì í gbọ́ra wọn yé.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kí a fi ìpele san ẹ̀san. Ẹnì kan ti pẹ́, ẹ fẹ́ yẹ́ ẹ sí, ẹ wá dá ipò olórí sílẹ̀ fún un. Ẹ fún un ní ọ̀wọ̀, owó àti iṣẹ́ tó ní iyì. Ẹ má fi í sí àárín ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà.

Kí a sọ pé a ò ní ọ̀gá. Ó dùn ún gbọ́. Ní ẹgbẹ́ tó bá ti kọjá ìwọ̀nba ènìyàn, ọ̀gá á wà, kìkì pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì ní lè bi í léèrè ohunkóhun. Èmi fara mọ́ ọ̀gá tí a mọ̀ ju èyí tó fara pamọ́ lọ.

Kí a fi ìpàdé dí ihò. Bí ẹ bá nílò ìpàdé ojoojúmọ́ láàárín ẹ̀ka méjì, ibi tí ẹ gé kò dára. Ẹ so wọ́n pọ̀ padà.

Kí ọ̀gá òkè máa fo ìpele lọ pàṣẹ. Kó lọ síbẹ̀, kó wò, kó gbọ́, kò burú. Àṣẹ ló ń ba ti olórí àárín jẹ́.

## Ibi tí ìpele kò ti ní ràn yín lọ́wọ́

Bí ẹ kò bá ju mẹ́fà lọ, ẹ jókòó yí tábìlì kan, kí ẹ kàn kọ ẹni tó ń ṣe ìpinnu ìkẹyìn lórí ohun kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ pàjáwìrì ló ń mú kí ẹ nílò ìpele, ẹ ṣe bíi ti àwọn panápaná: kí ìpele máa ṣí bí iná ṣe ń tàn, kó sì máa pa dé bí iná ṣe ń kú.

Ibi tó le jù ni ibi tí gbogbo okùn ti nípọn, tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ báyìí, òmíràn á tẹ̀ lé e kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Charles Perrow, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ nípa irú rẹ̀ ní 1984, lẹ́yìn ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iná mànàmáná Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ní 1979. Ẹ má fi ìpele kún ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dín okùn náà kù: ẹ fi àyè ìsinmi sí àárín iṣẹ́ kan àti òmíràn, ẹ ní ìpamọ́, ẹ jẹ́ kí ohun tó bàjẹ́ lè bàjẹ́ sí ojú ibi tó wà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó padà sí ìgbésẹ̀ 2.

## Bí ẹ ṣe máa mọ ìpele tó yẹ kó kúrò

Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ mú ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè:

- Ìpinnu wo ló ń ṣe tí ìsàlẹ̀ kò lè ṣe, tí òkè kò sì yẹ kó ṣe?
- Nínú ohun mẹ́wàá tó gbà kọjá, mélòó ló yí padà?
- Ọjọ́ mélòó ni ọ̀rọ̀ fi ń sùn níbẹ̀?

Bí ohun gbogbo bá ń wọlé tí ó sì ń jáde bó ṣe wọlé, ẹ dán an wò: fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀ jókòó, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti iṣẹ́ tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ìpele náà bá kúrò. Kí òun fúnra rẹ̀ ni ó máa kọ ohun tó bá já bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sílẹ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ rí i.